Ẹni Tó Ń Lọ Já Ewé Kì Í Kí Ènìyàn

Adjamé, Àbíjàn
Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, 2023

Ìyá mi, Sétou ọmọ Djaloukou,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Mo kí Màdáámù Léonie tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kà á bí mo ṣe kọ ọ́, kó má fi iyọ̀ sí i, kó má sì yọ ata rẹ̀.

Zoubérou ti gbé ẹrù àgbo yín dé. Ó ní láti Savalou títí dé ẹnu ibodè Gánà ni àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì òun ti ń bá òun jà nítorí òórùn rẹ̀, pé ẹnì kan tiẹ̀ ní kí òun jù ú sójú ọ̀nà. Mo sè é lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá, ó korò o! Samiath ọmọ mi fi ìka kàn án lá, ó sunkún títí ó fi sùn.

Ṣùgbọ́n ikọ́ náà ti ń lọ sílẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ itọ́ mi wò, wọ́n ní ikọ́ ife ni. Wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró tí mo gbọ́dọ̀ máa lò fún oṣù mẹ́fà láì fo ọjọ́ kan. Mò ń lò ó. Mò ń mu tiyín náà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Djaffar ọkọ mi ní pẹ̀lú gbogbo ohun tí mò ń gbé mì yìí, ikọ́ náà á ti máa wá ilé mìíràn tó máa gbà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi dì mìíràn ránṣẹ́ kí àwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà ti ń gbé aṣọ ọdún wá, mi ò fẹ́ máa wúkọ́ sórí aṣọ wọn. Ní ti wíwá sílé, ẹ má tíì bi mí. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ò lè dá ṣiṣẹ́.

Ọmọ yín tó ń gbé ẹnu kíkorò kiri Adjamé,
Hanane


Agoua
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta, 2023

Hanane ọmọ mi,

Mo gbọ́ ìkíni rẹ, kí Ọlọ́run gbọ́ tèmi náà. Orúnkún ò sùn, ó ní ìwọ ni òun ń dúró dè. Léonie ni mo jókòó tì tó ń kọ èyí. Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, pé kò sí ẹni tó ń lé mi. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Kaṣú ń já bọ́ sílẹ̀ lóko, èmi jókòó síbí mò ń pe ọ̀rọ̀ fún olùkọ́ bí ọmọ iléèwé.

O ní ó korò. Ta ló wí fún ọ pé oyin ni mo fi ránṣẹ́? Tí kò bá korò, ikọ́ á jókòó sí ọ láyà, á ní kí o bu oúnjẹ fún òun sí i.

Mo ti wa òmíràn. Ibi tí mo ti ń wa egbò tẹ́lẹ̀, àwọn aṣọ́gbó ò jẹ́ kí ènìyàn gbé ọkọ́ wọ ibẹ̀ mọ́, wọ́n ní igbó ìjọba ni. Mo yí gba ẹ̀gbẹ́ oko àwọn ará Lougba, mo rìn títí ẹsẹ̀ fi ń bú mi. Ní ìdájí tí mò ń lọ, olùkọ́ àjèjì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí iléèwé pàdé mi lọ́nà. Ó kí mi, mi ò dáhùn. Ó tún kí mi, mo kọjá. Ó bá lọ bá Léonie, ó ní ìyá kan wà ní Agoua tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Léonie rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Hanane nìyẹn. Ẹni tó ń lọ já ewé kì í kí ènìyàn, kì í sì í jẹ́ ìkíni, títí á fi padà délé. Bó bá la ẹnu, ewé náà ò ní jẹ́." Ọmọ ènìyàn ò gbà gbọ́, ó ṣì ń wò mí kọ̀rọ̀.

Sọ ọ́ fún ọkọ rẹ náà. Iléyá tó kọjá tí ẹ rán an wá, ó tẹ̀ lé mi dé ẹ̀yìn ọgbà, ó ń pariwo, "Ìyá, ẹ káàárọ̀ o! Ìyá, ẹ káàárọ̀!" Mo ní láti padà sílé, ọjọ́ yẹn ṣòfò. Ó tún yọ fóònù, ó ń ya àwòrán àpò mi. Kí ni ènìyàn ń fi àwòrán àpò ṣe?

Oògùn ilé ìwòsàn, máa lò ó. Mi ò bá wọn jà. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́ o: ọdún wo lo ń bọ̀ wálé? Igi ọkọ́ kékeré tí ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́ ti ń dán lọ́wọ́ mi, mi ò sì tíì rí ẹni tí màá fi lé lọ́wọ́.

Mu ún ní gbígbóná. Má fajú ro nítorí kíkorò rẹ̀.
Ìyá rẹ


Adjamé
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, 2023

Ìyá mi,

Mo kí yín. Ẹ má bínú pé ìkíni mi kúrú, ara mi ò yá.

Funfun ojú mi ti di àwọ̀ kaṣú tó pọ́n. Ìtọ̀ mi dúdú bí omi tíì. Oúnjẹ ò wọ ẹnu mi mọ́, òórùn epo lásán ti tó láti mú mi bì. Mo lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní ẹ̀dọ̀ mi ń ṣàìsàn gidigidi. Ó dá gbogbo oògùn dúró, tiwọn àti tiyín.

Ó wá bi mí pé, "Kí lo ń mu mọ́ oògùn wa?" Mo ní àgbo ìyá mi. Ó ní, "Kí ló wà nínú rẹ̀?" Ìyá, mi ò mọ̀ ọ́n! Láti kékeré ni mo ti ń mu àgbo yín, mi ò mọ orúkọ ohun kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ojú tì mí níwájú ọmọkùnrin yẹn.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa. Nínú oògùn wọn àti tiyín, ọ̀kan ló ń pa ẹ̀dọ̀ mi lára, tàbí kó jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ń bá ara wọn jà nínú mi. Títí òun á fi mọ ohun tó wà nínú tiyín, òun ò lè mọ èyí tí òun máa dá padà fún mi. Ikọ́ ọ̀hún ò sì ní jókòó de ẹnikẹ́ni. Tí n ò bá tètè padà sórí oògùn, á tún dìde.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ orúkọ àwọn egbò náà fún Léonie, kó kọ wọ́n sílẹ̀. Kódà kó jẹ́ ní èdè wa, dókítà ní òun mọ àwọn tó máa bá òun wá ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ fi rán Zoubérou, ẹ má jẹ́ kó bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Hanane


Agoua
Ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, 2023

Hanane,

Ojú tó pọ́n, ìtọ̀ tó dúdú: ibà pọ́njú ni. Kí ló dé tí wọ́n ń wá orúkọ mìíràn fún un? Mo ti ń wò ó sàn láti ìgbà tí o ṣì wà lẹ́yìn mi nínú ọ̀já. Má dá àgbo dúró. Fi kún un! Níbi tí o ti ń mu ife kan, mu méjì. Mo fi ewé ìyeyè sínú ẹrù Zoubérou, máa fi omi rẹ̀ wẹ̀.

Ní ti orúkọ, sọ fún dókítà rẹ pé èèpo ọ̀ganwó wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rù wà níbẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Mẹ́ta tó kù, mi ò ní dárúkọ wọn. N ò ní sọ ọ́ fún dókítà, n ò sì ní sọ ọ́ fún Léonie tó jókòó síbí, tó ń wò mí bí ẹni pé mo jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé.

Mo tún fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ṣé dókítà ló ń wá orúkọ yìí ni, tàbí Djaffar? Moufida tó ń ná ọjà Àbíjàn sọ fún mi pé ọkọ rẹ ń pète ìsọ̀ kan, pé oògùn ìbílẹ̀ ló fẹ́ máa tà níbẹ̀. Egbò tí ìyá mi wá kiri títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, ẹnikẹ́ni ò ní kó o sínú ike kó máa pariwo rẹ̀ ní Adjamé. Ẹnu mi ti dì.

Ìyá rẹ


Adjamé
Ogúnjọ́ oṣù karùn-ún, 2023

Ìyá mi,

Mo kí yín. Mo kí yín nítorí pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa kí àgbà kódà bí inú bá ń bí mi. Inú ń bí mi.

Ẹ ní kí n fi kún un. Mo fi kún un! Dókítà ní kí n dá a dúró, ẹ̀yin ní kí n mu ife méjì, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbọ́, nítorí pé ìyá mi ni yín. Ọ̀sẹ̀ ò tíì pé tí Djaffar fi gbé mi pọ̀n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa bí ọmọ ọwọ́, tó gbé mi dé ilé ìwòsàn. Djaffar yìí kan náà tí ẹ ní ó ń wá ohun tó máa tà. Ìsọ̀ tó ń pète, ẹ̀yà ara mọ́tò ló fẹ́ máa tà níbẹ̀. Kí Moufida lọ fọ ẹnu rẹ̀. Àwòrán àpò yín tó yà, ó yà á kó lè fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbí, tí wọn ò gbà pé ìyá ìyàwó òun ń ru ẹrù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti pe fóònù Léonie léraléra. Ó ní ẹ wà lóko. Ìyá, mò ń gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ń lé adìyẹ!

Mo ti sọ ti ọ̀ganwó àti ti ẹ̀ẹ̀rù fún dókítà. Ó ní àwọn tí òun mọ̀ kọ́ ló ń ba òun lẹ́rù, àwọn tí òun ò mọ̀ ni. Ikọ́ náà ti padà. Lówùúrọ̀ òní, mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́ mi. Wọ́n ti mú Samiath lọ sọ́dọ̀ àbúrò Djaffar kí ó má baà kó o. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Mi ò lè gbá a mọ́ra. Mo fi aṣọ bo ẹnu mi, mo ní rárá.

Ìyá Àgbà ní Djaloukou kì í ṣe bí ẹ ti ń ṣe yìí. Mo rántí rẹ̀ lórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní ìdájí, tó ń kí gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ẹni tó ń lọ sódò, ẹni tó ń lọ sóko, kódà ewúrẹ́ ń gba ẹ káàárọ̀ tirẹ̀. Ọ̀yàyà ni ìyá yẹn. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, orúkọ ewé lásán, ẹ fi há ẹnu. Ẹ dákun, ẹ sọ fún mi: ṣé ewé náà lẹ bí ni, àbí èmi?

Hanane


Agoua
Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, 2023

Hanane,

Léonie ń ka lẹ́tà rẹ fún mi, ó dé ibi tí o ti bi mí bóyá ewé ni mo bí, ó fẹ́ fò ó kọjá. Mo ní kó kà á. Ó kà á.

Ìwọ ni mo bí. Má tún bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́ láyé.

Mi ò mọ̀ pé ó máa ṣe ọ́ báyẹn. Dá a dúró. Dà á nù, fọ ìkòkò rẹ̀, má fi kan ẹnu mọ́. Mo ti ní kí Léonie kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: DÁ A DÚRÓ. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé ó mú ọ dùbúlẹ̀, mò ń bá gbogbo ènìyàn jà nínú agboolé, mo bá ẹni tó gbé omi fún mi jà.

Òótọ́ ni, adìyẹ ni mò ń lé. Mi ò fẹ́ wá sídìí fóònù yẹn. Mo ní ìdí tèmi.

Mo ti bímọ mẹ́rin kí ìyá mi tó sọ orúkọ yẹn fún mi. Ẹnu ló fi sọ ọ́ sí mi létí. A kì í kọ ọ́ sílẹ̀, a kì í rán ẹlòmíràn sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, nǹkan kan parí lára rẹ̀. Ìwọ rántí rẹ̀ lórí àpótí, o ní ọ̀yàyà ni. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n nígbà tó lágbára. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé.

Wálé. Mo bẹ̀ ọ́. Wọ bọ́ọ̀sì Zoubérou, kí ọkọ rẹ tẹ̀ lé ọ, mi ò ní bá a jà. Tí mo bá rí ọ níwájú mi, a ó jọ mọ ohun tí a máa ṣe. Àìsàn tí mi ò fojú rí, báwo ni mo ṣe máa mọ apá ibi tó ti wọlé? Wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Àwa méjèèjì ò sùn, Hanane. Ó tó báyìí.

Ìyá rẹ


Agoua
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, 2023

Hanane,

Zoubérou ti lọ, ó ti bọ̀. Mo ti dúró dè é ní ibùdókọ̀ ní Bantè láti àárọ̀. Nígbà tó rí mi, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sí nǹkan nínú wọn. Mo ní bóyá o fi rán ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà ni Moufida dé láti Àbíjàn fún ọdún iléyá. Kò wọlé, ìta ló dúró sí. Ó ní òun lọ wò ọ́. Ó ní nígbà tí òun wọ yàrá, òun rò pé ìyá Djaffar ló dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìsọ̀. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ìyá Hanane, ẹ má bínú, èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀." Mi ò bú u. Mi ò tilẹ̀ ní agbára èébú.

Wọ́n ti ń so àgbò mọ́lẹ̀ ní gbogbo agboolé, àwọn ọmọ ń fún wọn ní koríko jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kọ nǹkan sí mi. Kódà kó jẹ́ èébú lo fẹ́ kọ, kọ ọ́. Màá gbà á.

Ìyá rẹ


Adjamé
Ọjọ́ kẹta oṣù keje, 2023

Ìyá wa,

Mo dọ̀bálẹ̀. Djaffar ọkọ Hanane ni. Lẹ́tà yín méjèèjì dé. Mo kà wọ́n fún un. Kò lè jókòó láti kọ̀wé.

Mo mọ̀ pé ẹ ò fọkàn tán mi. Ẹ ò jẹ̀bi. Ọkùnrin tó tẹ̀ lé ìyá ìyàwó rẹ̀ dé ẹ̀yìn ọgbà, tó ń pariwo ẹ káàárọ̀, kò ṣe ohun tó yẹ. Mi ò mọ̀ nígbà náà.

Ẹ ní ká wálé. Dókítà ní kò lè gun ọkọ̀, kò sì yẹ kó jókòó láàárín èrò pẹ̀lú ikọ́ yẹn. Ó ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ikọ́ ti padà tagbáratagbára, òun ò sì lè máa dúró mọ́. Lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀ yìí, òun máa yan oògùn fún un bí afọ́jú tó ń táràrà. Bó bá bọ́ sí i, ó bọ́ sí i. Bí kò bá bọ́ sí i, mi ò fẹ́ kọ ọ́.

Ìyá, mi ò fẹ́ mọ orúkọ ewé yín. Zoubérou ti ṣèlérí pé lẹ́tà yìí máa tó yín lọ́wọ́ ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, màá gbé fóònù sí Hanane létí, màá sì jáde kúrò nínú yàrá. Ìsàlẹ̀ ni màá lọ dúró sí, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Nínú yàrá yẹn, kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè wa. Ọmọ yín nìkan ni.

Bí fóònù náà ò bá dún, mi ò ní bú yín. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí màá sọ fún Samiath.

Djaffar


Adjamé
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án, 2023

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀, lónìí mo kúnlẹ̀ pẹ́. Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣu tuntun, ẹ kú orúnkún, ẹ kú èmi pàápàá. Mo kí Léonie. Kí ó dáríjì mí gbogbo ariwo tí mo pa mọ́ ọn létí.

Mo ti dìde. Ojú mi ti funfun. Dókítà ní ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ẹ dárúkọ ni kò bá oògùn wọn rẹ́, àwọn méjèèjì wọ ẹ̀dọ̀ kan náà lọ́wọ́ kan náà. Ó ní bí kì í bá ṣe orúkọ yẹn, oògùn tó dára jù ni òun ì bá sọ nù, òun ì bá máa bá mi wá èyí tí kò lágbára. Ó dá tiwọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ara mi sì gbà á. Ikọ́ ti dákẹ́. Samiath ti padà wálé, kò jẹ́ kí n lọ sí ilé ìwẹ̀ láì tẹ̀ lé mi. Mo ti tún jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Nǹkan kan wà lọ́kàn mi. Ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo ti rò pé fóònù náà ò ní dún. Nígbà tó dún, mo ní, "Ìyá." Ẹ ò dáhùn. Mò ń gbọ́ èémí yín. Mo wúkọ́, ẹ ò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ẹ dárúkọ mẹ́ta, ẹ ní kí n tún wọn sọ. Mo tún wọn sọ, ẹ sì pa fóònù. Ẹ ò bi mí pé báwo ni ara mi. Ó dùn mí, Ìyá. Ó ṣì ń dùn mí.

Àti pé, ẹ má bínú, orúkọ mẹ́ta lásán! Ọ̀kan nínú wọn ń hù lẹ́yìn iléèwé Lougba, a máa ń já ẹ̀ka rẹ̀ na ara wa nígbà tí a wà ní kékeré. Nítorí ìyẹn lẹ ṣe jẹ́ kí n dé ibi tí mo dé? Mi ò bá yín jà mọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Ìyàwó ọ̀gá Djaffar ń wúkọ́. Wọ́n yẹ itọ́ tirẹ̀ wò, kì í ṣe ikọ́ ife, kò sì sí oògùn kankan tó ń lò. Ẹ bá mi fi dì kan ránṣẹ́ fún un. Kí ó korò dáadáa, obìnrin náà ń gbéra ga.

Ọmọ yín,
Hanane


Agoua
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, 2023

Hanane ọmọ mi, ẹni tí Ọlọ́run dá padà fún mi,

Mo ní kí Léonie tún ibi tí ojú rẹ ti funfun kà. Ó kà á, mo ní kó tún un kà, títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, mo bu omi fún un.

O béèrè dì kan. Kò sí. Kò ní sí láti ọwọ́ mi mọ́.

O ní o fẹ́ mọ̀. Ó ti di tìrẹ báyìí, nítorí náà màá sọ ọ́. Nínú ìdílé ìyá mi, ẹnì kan ṣoṣo ni orúkọ mẹ́ta yẹn máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tó bá sọ ọ́ sí ẹlòmíràn létí, ọwọ́ tirẹ̀ ti kúrò nínú rẹ̀ nìyẹn. Kò ní wà á mọ́, kò ní sè é mọ́, kò ní bù ú fún aláìsàn mọ́. Ẹni tó gbọ́ ọ ló ni ín. Mo ti ń retí pé kó pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní títí ẹsẹ̀ mi fi máa kọ̀ jálẹ̀. Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe, Hanane? Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, igbó yẹn ni mo fi ń jí, òun ni mo fi ń sùn.

Ìdí tí mo fi ń lé adìyẹ nìyẹn. Lórí ìwé, mo lè kọ̀ fún ọ. Léonie ló ń kọ ọ́, ọ̀nà jìn, mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé tí mo bá gbọ́ ikọ́ rẹ létí mi pẹ́nrẹ́n, ó ti parí. Mo sì gbọ́ ọ.

Mo gba fóònù Léonie, mo gun ọ̀kadà sémì lọ sí Savalou lọ́jọ́ náà, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ mí rí mi. Ẹni tó ń gbé e kalẹ̀ kì í kí ẹni tó ń gbà á, bí ẹni tó ń lọ já ewé náà ni. Ìyá mi ò kí mi lọ́jọ́ tó sọ ọ́ fún mi, èmi náà rò pé inú ló ń bí i. Mi ò bi ọ́ pé báwo ni ara rẹ. Ṣé o rò pé mi ò fẹ́ bi ọ́? Mo bu ètè mi jẹ. Nígbà tí mo pa fóònù, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sunkún ní gbangba. Obìnrin ẹ̀yà Mahi kan tó ń kiri omi inú ọ̀rá fún mi ní ọ̀rá kan, kò bi mí ní nǹkan kan, kò sì gbowó.

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀. Ká ní wọ́n ní kí n tún un ṣe, n ò ní dúró di oṣù keje. Ibẹ̀ ló ń jẹ mí nínú.

Lánàá, obìnrin kan gbé ikọ́ rẹ̀ wá láti Lougba. Mo ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ní Bantè ná, kí wọ́n yẹ itọ́ rẹ̀ wò, kó sì sọ gbogbo ohun tó bá ń mu fún wọn. Ní ti àgbo, mo ní ẹni tó ni ín wà ní Àbíjàn. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìgbà wo ló ń bọ̀?" Mo ní mi ò mọ̀.

O rántí ìyá mi lórí àpótí. Kì í ṣe ọ̀yàyà o, Hanane. Ìdájí ló máa ń jí, bó ṣe ń jí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sì sí ibi tó ń lọ mọ́. Ìkíni tó ti ń gbé mì láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ń san fún ewúrẹ́. Èmi náà ti gbé àpótí síta. Mo jí níjẹta, mo rí Léonie tó ń lọ síléèwé, mo ní, "Léonie, o jí ire bí?" Ó dúró, ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Agoua ni, ó mọ ohun tó gbọ́. Ó ń kọ èyí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní kí n má sọ ọ́. Mo kí olùkọ́ àjèjì yẹn náà. Inú rẹ̀ dùn, ó sáré wá dọ̀bálẹ̀, ó rò pé mo ti wá lẹ́kọ̀ọ́.

Ọkọ́ kékeré náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò lé ọ. Parí oògùn wọn, jẹun, sanra. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá wálé, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti ń mọ́, mú ọkọ́ náà, kí o gba iwájú mi kọjá lọ sínú igbó. Orí àpótí ni màá wà. Màá kí ọ, nítorí mi ò ní lè mú un mọ́ra.

Má dá mi lóhùn.

Sétou, ìyá rẹ